Ìwà Ọmọlúàbí àti Sùúrù Nínú Eré Ìtàn Àjọkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe yìí ni mo rántí ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ọdún 2024, nígbà tí àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dàrú nítorí ikú ẹnì kan tí kò gbé ayé rí. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò kéré.

Àwọn ọmọ mọ́kànlá ni, láti Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ gba ìsinmi, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp láti máa ṣe eré ìtàn. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mú ẹ̀dá-ìtàn kan, yóò sọ ọ́ lórúkọ, yóò sì máa kọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn náà ń ṣe àti ohun tó ń sọ. Ẹlòmíràn yóò fèsì láti ẹnu ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀. Kò sí àwòrán, kò sí ohùn, kò sí aṣọ eré. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni ohun gbogbo. Kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí ìtàn yóò parí sí. Eré ìtàn àjọkọ ni èmi ń pè é.

Ogun Jálumi ni wọ́n fi ṣe ìtàn tiwọn. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́, nítorí ogun àdúgbò wa ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, ní Ìkìrun, ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n jẹ́ olórí wọn, ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀. Nígbà tí ogun fọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá lọ já lu omi Odò Ọ̀tìn. Ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń gbé Ìnísà mú ẹlẹ́ṣin Ìlọrin kan. Ọmọkùnrin kan ní Ìkìrun mú jagunjagun Ìbàdàn. Eré náà dùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, iná mànàmáná lọ ní àdúgbò ọmọbìnrin yìí, fóònù rẹ̀ sì kú. Kí ó tó rí owó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba iná sí fóònù, ọjọ́ kẹta ti pé. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé jagunjagun ọmọkùnrin náà ti gún ẹṣin rẹ̀ lọ́kọ̀, ó ti lé ẹlẹ́ṣin wọ Ọ̀tìn, ẹlẹ́ṣin sì ti kú sómi. Ọmọkùnrin náà tilẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sí i lẹ́nu: ó mú kí ó bẹ̀bẹ̀, kí ó sì jẹ́wọ́ pé ojo ni òun. Ọmọbìnrin náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ láìsọ̀rọ̀. Àwọn méjì mìíràn láti Ìnísà tẹ̀lé e. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, eré tú.

Nígbà tí a wọlé padà ní oṣù Kẹsàn-án, mo pe ọmọkùnrin náà. Ó ní, “Mà, ìtàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣebí inú omi ni wọ́n kú sí.”

Mo ní òótọ́ ni pé ìtàn sọ pé ogun náà fọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kò sọ pé ẹlẹ́ṣin ti ọmọbìnrin yìí kú. Àwọn kan kú, àwọn kan là á já. Ta ni yóò sọ èwo ni tirẹ̀? Mo kọ gbólóhùn méjì sí ojú pátákó: “Mo lé e.” “Mo lé e wọ odò.” Mo bi í pé nínú gbólóhùn kejì, ta ló lé? Ó ní òun ni. Ta ló wọ odò? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Òun ni, Mà.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka gírámà mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ nìyẹn. Èdè wa fi ọ̀rọ̀-ìṣe méjì sínú gbólóhùn kan, ó sì fi olúwa kan ṣoṣo ṣíwájú wọn, síbẹ̀ ẹni méjì ló ṣe iṣẹ́ náà. Mo tì í ṣubú: èmi ni mo tì, òun ló ṣubú. Òfin eré ìtàn àjọkọ kò ju èyí lọ. Kọ ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́, kí o fi èkejì sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ju ọ̀kọ̀, kí o má sọ pé ó bà á. Na ọwọ́, kí o má sọ pé ó gbà. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀-ìṣe kejì mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ti sọ ọ́ di ère.

Òfin yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Ní ọdún 1974 ni Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, eré tí àwọn ènìyàn ń jókòó yí tábìlì ká ṣe, tí wọ́n ń fi ẹnu sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn wọn ń ṣe. Ní ọdún 1978, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn Jálumi, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú eré kan tí wọ́n pè ní MUD sórí kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Richard Bartle bá a ṣe é. Ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ni tiwọn náà. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ ṣeré káàkiri ayé ti ń kọ́ ara wọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe darí ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíràn.

Àwa náà sì ti mọ̀ ọ́n kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ eré oníṣe wa àtijọ́. Karin Barber, ẹni tó gbé Òkukù ní àwọn ọdún 1970 láti ṣe ìwádìí lórí oríkì, tún bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo rìn, ó sì kọ ìwé The Generation of Plays nípa wọn ní ọdún 2000. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò há ọ̀rọ̀ sórí láti inú ìwé. Wọ́n mọ àhunpọ̀ ìtàn. Òṣèré kọ̀ọ̀kan ló ń wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lójú agbo. Bí ẹnì kan bá sọ èyí tó yẹ kí ẹnìkejì sọ, ẹnìkejì yóò kàn dúró bí òpó ni. Ẹni tó bá gbọ́n a máa sọ̀rọ̀ débi tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi rí ibi fèsì.

Ọ̀rọ̀ “o” àti “ẹ” tún wà níbẹ̀. Nínú eré àwọn ọmọ wa, ọmọ kíláàsì kejì ló mú Balógun, ọmọbìnrin tó fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ sì mú onílù ogun. Balógun kọ ọ́ pé, “Ìwọ onílù, dìde!” Àǹtí fa ojú ro: “Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí?” Àwọn méjèèjì kò jẹ̀bi. Lójú agbo eré, àgbàlagbà a máa kúnlẹ̀ fún ọmọdé tó dé adé. Bí eré bá parí, ọmọdé a dọ̀bálẹ̀. Aṣọ àti agbo ló ń fi ààlà hàn. Nínú ọ̀rọ̀ kíkọ, kò sí aṣọ. Nítorí náà ni àwọn tó mọ eré yìí ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ẹ̀dá-ìtàn sínú àkámọ́. Kí Balógun máa sọ “o” bí ipò rẹ̀ ti rí, kí ọmọ náà sì kọ sínú àkámọ́ pé, (Ẹ má bínú, àǹtí mi, Balógun ló ń sọ̀rọ̀ o). A kò gbọdọ̀ tìtorí eré sọ ọ̀wọ̀ nù, a kò sì gbọdọ̀ tìtorí ọ̀wọ̀ ba ìfìwàwẹ̀dá jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìyára ló ká mi lára jù. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ilé 12 àti ọmọ 48 ló wà. Bí ó ti wù kí ọ̀ta mọ̀ ọ́n ta tó, kò lè ta ẹ̀ẹ̀mejì nítorí pé òpè ṣì ń ronú. Apàlọ́ tó bá ké “Ààlọ́ o!” kì í tẹ̀ síwájú àfi bí a bá dá a lóhùn. Fóònù kò ní ìjánu báyìí. Ẹni tí iná ń tàn nílé rẹ̀, tó sì ní owó dátà, lè kọ ogún ìgbà lójúmọ́. Ẹni tó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, tàbí tó ń bá bàbá rẹ̀ roko, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ ni agbára rẹ̀ mọ. Bí a bá jẹ́ kí ẹni tó yára jù máa darí ìtàn, àwọn ọmọ ilé tí iná ń tàn ni yóò máa pa ẹ̀dá-ìtàn àwọn ọmọ tí iná wọn lọ. Sùúrù tí mo ń wí yìí kì í ṣe àánú. Ẹ̀tọ́ ni.

Àwọn kan yóò ní bí a bá ń dúró de gbogbo ènìyàn, ìtàn yóò tutù. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Ẹni tó bá lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìdágbére, tó fi àwọn mẹ́wàá sójú kan, òun náà kò hùwà ọmọlúàbí. Kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí àkókò kí eré tó bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, bí ipò àwọn tó wà níbẹ̀ bá ti rí. Bí àkókò bá kọjá, kí olùdarí eré rọra gbé ẹ̀dá-ìtàn onítọ̀hún sí ẹ̀gbẹ́ kan: kí ẹlẹ́ṣin lọ fún ẹṣin lómi, kí onílù lọ wá awọ. Kí wọ́n má pa á. Kí ẹni tó ń kọ̀wé náà má kọ ojú ìwé mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò rí ibi fèsì sí, kí ó má sì kọ “Ó dáa” lásán, nítorí ìyẹn kò gbé ìtàn lọ síbì kankan.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ kan ka gbogbo èyí sí ìfàkókòṣòfò. Mo ka ohun tí àwọn ọmọ náà kọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àmì ohùn kò pé, àkọtọ́ mẹ́hẹ. Síbẹ̀, ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì tó wà níbẹ̀ ju èyí tí mo rí gbà lọ́wọ́ wọn ní sáà kan gbáko lọ, kò sì sí ẹni tó fi máàkì dẹ́rù bà wọ́n. Èmi kò ní kí a kó fóònù wọ kíláàsì. Ìwé kan ṣoṣo tó. Mo ra ìwé àjákọ olójú-ewé 80, mo ní kí ó máa ti ọwọ́ ọmọ kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì. Ẹni tó bá gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo bẹ ọmọbìnrin Ìnísà náà kí ó padà. A dá ẹlẹ́ṣin rẹ̀ padà sí orí ẹṣin, ní etí Ọ̀tìn.

Nígbà tó kan ọmọkùnrin Ìkìrun, gbólóhùn rẹ̀ ìkẹyìn ni, “Mo lé e.” Ó dánu dúró níbẹ̀, ó gbé ìwé náà fún un. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọbìnrin náà dá a padà. Ojú ewé kan àtààbọ̀ ló kọ. Ẹlẹ́ṣin náà bojú wẹ̀yìn, ó já ìjánu kúrò lẹ́nu ẹṣin rẹ̀ kí ẹranko náà lè lúwẹ̀ẹ́ là, òun fúnra rẹ̀ sì wọ odò. Ó kú. Kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ọmọkùnrin náà ló kà á sókè fún kíláàsì. Nígbà tó parí, ó bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá jagunjagun òun lè mú ẹṣin náà lọ sílé, kí ó máa tọ́jú rẹ̀. Mo ní kí ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.