Owó Àjọ àti Ìrànwọ́ Ìjọba: Ṣé Ẹni Tó Bá Tọ́jú Owó Kì í Ṣe Aláìní Mọ́?

Ìbéèrè kan wà tí a ń gbọ́ léraléra ní àwọn mọ́sáláṣí wa láti Mowe dé Ibafo títí dé Ifo: "Aáfà, tí wọ́n bá rí owó àjọ nínú ákáǹtì mi, ṣé wọn ò ní yọ orúkọ mi nínú àwọn tó máa gba owó ìjọba?"

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Nítorí ìbẹ̀rù yìí, àwọn kan ti kó owó kúrò ní báńkì lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn mìíràn sì ń fi orúkọ àbúrò tàbí ọmọ gba àjọ. Bí iná bá jó ńkọ́? Bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gba owó bá kú lójijì, kí ni wọn yóò sọ fún àwọn tó fẹ́ pín ogún rẹ̀?

Ibi tí ìbẹ̀rù náà ti wá

Àwọn èèyàn wa kò ṣàdédé bẹ̀rù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé wa mọ́lé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, Sadiya Umar Farouq, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ aráàlú nígbà náà, sọ pé lára àwọn tí ìjọba máa wò mọ́ ìrànwọ́ ni ẹni tí owó ákáǹtì rẹ̀ kò ju ₦5,000 lọ, àti ẹni tí káàdì tó ń rà sórí fóònù kò ju ₦100 lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé owó ìpamọ́ ń lé ìrànwọ́ sá.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìwọ̀n yẹn yẹ̀ wò. Ká sọ pé ìyá aláta kan ń dá àjọ ₦1,000 lójoojúmọ́. Ní ìparí oṣù, alájọ yọ owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ tirẹ̀, ó kó ₦30,000 tó kù fún un. Tí wọ́n bá yẹ ákáǹtì rẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ní olówó ni. Lọ́jọ́ kejì, owó náà ti di apẹ̀rẹ̀ ata, owó iléèwé ọmọ àti gbèsè ilé. Ìyà tó ń jẹ ẹ́ lánàá náà ló ń jẹ ẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ilẹ̀ mẹ́ta, tí kò fi kọ́bọ̀ sí báńkì, á jọ aláìní lójú irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Owó gọbọi tó wọlé lọ́jọ́ kan kò sọ bí ilé ṣe rí.

Ohun tí ìwé orúkọ ìjọba ń wò

Ìwé orúkọ tí ìjọba àpapọ̀ fi ń pín owó, National Social Register, kò dúró lórí owó ákáǹtì. Àjọ NASSCO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2016, ló ń bójú tó o. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ jókòó, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n dárúkọ àwọn ilé tí ìyà ń jẹ jù. Lẹ́yìn náà ni àwọn akọ̀wé yóò lọ bá àwọn ilé náà, tí wọn yóò bi wọ́n ní iye ẹni tó wà nínú ilé, irú ilé tí wọ́n ń gbé, ìwé tí wọ́n kà, iṣẹ́ wọn àti ohun ìní wọn. Èsì wọ̀nyí ni wọ́n fi ń ṣírò ẹni tó kù díẹ̀ káàtó jù.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìjọba Ààrẹ Bola Tinubu bẹ̀rẹ̀ ètò ₦25,000 lẹ́ẹ̀mẹta fún ìdílé mílíọ̀nù 15 láti inú ìwé orúkọ yìí. Wọ́n dá a dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2024 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, NIN ni wọ́n fi ń dá ẹni mọ̀.

Lójú tiwa, ìṣòro Mowe àti Ibafo kì í ṣe owó àjọ. Àìmọ ara ẹni ni. Ayálégbé tó sá fún owó ilé Èkó ló pọ̀ níbẹ̀. Ta ni yóò dárúkọ opó tó ń gbé yàrá kan, tí aládùúgbò kò mọ orúkọ rẹ̀?

Lókè òkun, ọ̀rọ̀ yàtọ̀

Kí àwọn tó ní ẹbí nílùú Ọba má fi tibí wé tọ̀hún. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń gba Universal Credit tó bá ní owó ìpamọ́ tó lé ní £16,000 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́. Láti £6,000 sókè, wọ́n ń ka £250 kọ̀ọ̀kan sí owó tó ń wọlé, £4.35 lóṣù, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú ìrànwọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìlà ti SSI kò ju $2,000 lọ fún ẹnì kan, $3,000 fún tọkọtìyàwó, kò sì tíì yí padà láti 1989. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi owó ránṣẹ́ sílé nítorí kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì má bàa rí i, wọ́n lè kà á sí i lọ́rùn bí ẹni pé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí owó àjọ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ pé tiwọn ni.

Ìwọ̀n Ìsìláàmù

Sàká pẹ̀lú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Owó tó bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tó sì lo ọdún kan gbáko lọ́wọ́ ẹni, ni sàká ń jáde nínú rẹ̀. Wọn kì í ka ilé téèyàn ń gbé tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ tó fi ń jẹun mọ́ ọn. Ní ojú ọ̀nà Imaamu Mọ́líkì tí à ń tọ̀, ẹni tí ohun tó ní kò tó o jẹ fún ọdún kan ṣì jẹ́ fàkírì tó lè gba sàká, kódà bí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé àìní là ń wọ̀n. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì là á sílẹ̀ pé ẹni tí òṣì dé bá, kí ẹni mẹ́ta olóye nínú àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ́rìí sí i kó tó tọrọ. Ìjókòó àdúgbò tí ìjọba ń lò kò jìnnà sí èyí.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ìrànwọ́ kó owó kúrò níbi tó wà láìléwu. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀, kí a sọ òótọ́, nítorí owó tí a fi irọ́ gbà kò ní àlùbáríkà. Kí a ṣe NIN, kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti báńkì mu. Kí a má fún ẹnikẹ́ni lówó pé yóò bá wa fi orúkọ sílẹ̀.

Kí ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn opó, aláàárẹ̀ àti ayálégbé tí kò rí já jẹ, kí wọ́n sì rán èèyàn lọ síbi ìjókòó àdúgbò nígbà tí wọ́n bá pè é. Àwọn náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún ní sàká wa.

Sí ìjọba: bí ẹ bá tún fẹ́ fi owó ákáǹtì ṣe ìwọ̀n, ẹ wo ọdún kan, ẹ yọ gbèsè àti owó ọjà. Ìlú tó bá ń fìyà jẹ ẹni tó ń tọ́jú owó ń kọ́ mẹ̀kúnnù láti wà lófo ni.

Kí Ọlọ́hun là wá lọ́nà tí a ò fi ní tọrọ. Àmín.