Ta Ni Alábẹ̀wò Ilé Àwọn Arúgbó?

Ẹni tí ó bá gba orí afárá Kennedy kọjá Odò Ọya ní ìlú Niamey, tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, yóò bọ́ sí apá ọ̀tún odò náà, níbi tí àdúgbò Lamordé wà. Àwọn Fúlàní ni wọ́n sọ ibẹ̀ lórúkọ. Ibùjókòó ọba ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn. Yunifásítì Abdou Moumouni kò jìnnà sí ibẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba sì wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Hôpital National de Lamordé kí wọ́n tó sọ ọ́ ní orúkọ Amirou Boubacar Diallo. Odò kan náà yìí ni ó ń ṣàn bọ̀ wá sí Jẹ́bbà àti Lọ́kọ́ja. Àwọn Yorùbá oníṣòwò sì ti ń gbé Niamey láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ arúgbó Lamordé, ọ̀rọ̀ ilé ni, kì í ṣe ti àjèjì.

Ní Lamordé, bí ó ti rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ìjẹ̀bú-Òde, àárín ọmọ ni arúgbó ń gbé. Bí àìsàn bá gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹbí ni yóò gbé abọ́ oúnjẹ tẹ̀ lé e, ẹbí ni yóò sáré ra oògùn, ẹbí náà ni yóò tẹ́ ẹní sí ìsàlẹ̀ ibùsùn. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè iye ìràwọ̀ tí ilé kan ní kí ó tó gbé bàbá rẹ̀ síbẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, ẹni tí ó bá dárúkọ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó láàárín mọ̀lẹ́bí lè gbọ́ èébú ọjọ́ náà títí di alẹ́. Wọn yóò ní ó fẹ́ lọ ju ìyá rẹ̀ nù ni. Ṣé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ti di arúgbó síbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, àrùn ìgbàgbé sì ń mú kí ìyá àgbà ṣí ilẹ̀kùn jáde lóru. Lójú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè náà ti kúrò ní bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí ènìyàn ṣe lè mọ ilé tí yóò tọ́jú ìyá, kí ó má baà jẹ́ ilé tí yóò pa á. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò: iṣẹ́ tí ilé náà ń ṣe, owó tí ó ń gbé e ró, àti ohun tí àwọn alábẹ̀wò ìjọba kọ nípa rẹ̀. Ẹni tí ó bá yẹ ọ̀kan wò tí ó fi méjì sílẹ̀, ojú kan ni ó fi wo ọjà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 2009 sí 2011 kọ́ ayé lọ́gbọ́n lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iléeṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Southern Cross Healthcare. Òun ni ó tóbi jù lọ nínú àwọn tí ń ṣe ilé ìtọ́jú arúgbó ní Bìrìtìkó nígbà náà. Ilé tí ó ní tó 750, àwọn arúgbó tí wọ́n ń gbé inú wọn sì tó 31,000. Ní ọdún 2009, iléeṣẹ́ yìí ṣí ilé tuntun kan tí ń jẹ́ Orchid View ní Copthorne, ní ìpínlẹ̀ West Sussex. Ilé náà dán, ó mọ́ lójú. Àwọn ọmọ tí wọ́n mú òbí wọn lọ síbẹ̀ rí i pé ó jọ hòtẹ́ẹ̀lì, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ní ọdún 2010, ìgbìmọ̀ alábẹ̀wò ìjọba, Care Quality Commission, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní CQC, fún un ní máàkì pé ó dára.

Lẹ́yìn ọdún méjì péré, ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, wọ́n ti ilé náà pa. Òṣìṣẹ́ kan nínú ilé ni ó kọ́kọ́ pariwo síta tí ọlọ́pàá fi dé. Nígbà tí kọ́rọ́nà, ìyẹn adájọ́ tí ń wádìí ikú, parí iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ó ní àwọn arúgbó 19 tí òun wádìí ikú wọn ni wọn kò rí ìtọ́jú tí ó yẹ gbà, àti pé àìbìkítà wà lára ohun tí ó ṣe okùnfà ikú márùn-ún nínú wọn. Òṣìṣẹ́ kò tó, wọn kò ṣe ètò oògùn bí ó ti yẹ, agogo ìpè ń dún tí kò sí ẹni tí yóò dáhùn. Ẹni tí a ní kí ó fẹ́ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀dà ara ògiri kọ́ ni iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ilé ìtọ́jú, kí ó lọ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọ̀gá kò sí nílé. Kí ó tẹ́tí sí agogo ìpè, kí ó wo bí ó ti pẹ́ tó kí ẹnìkan tó dìde. Kí ó béèrè iye nọ́ọ̀sì tí ó ń wà níbẹ̀ ní òru, kì í ṣe ní ọ̀sán nìkan. Kí ó wo ife omi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bóyá ọwọ́ arúgbó tó o. Kí ó béèrè iye àwọn tí egbò yọ sí ìdí tàbí gìgísẹ̀ wọn nítorí ìdùbúlẹ̀, nítorí pé ibi tí wọ́n bá ti ń yí aláìsàn padà bí ó ti yẹ, irú egbò bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀. Kí ó sì béèrè iye òṣìṣẹ́ tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Ilé tí òṣìṣẹ́ kì í dúró níbẹ̀, ojú àjèjì ni arúgbó ibẹ̀ ń jí rí láràárọ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti owó. Bí Orchid View ṣe ń kógbá sílé, bẹ́ẹ̀ ni Southern Cross fúnra rẹ̀ ń wó lulẹ̀. Ní ọdún 2004, iléeṣẹ́ olówó Amẹ́ríkà kan, Blackstone, ra Southern Cross; ní ọdún 2006, ó gbé e lọ sí ọjà ìpín ìdókòwò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé tí àwọn arúgbó ń gbé ti di ohun ìní ẹlòmíràn. Southern Cross ń san owó ilé lórí wọn ni, àdéhùn sì ni pé owó náà gbọ́dọ̀ máa lé lọ́dọọdún. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ dín owó tí wọ́n ń san lórí arúgbó kù, àwọn ibùsùn sì ń ṣófo, ṣùgbọ́n owó ilé kò dúró. Ní oṣù keje ọdún 2011, iléeṣẹ́ náà kéde pé òun yóò kógbá sílé. Wọ́n pín àwọn ilé náà fún àwọn onílé àti àwọn iléeṣẹ́ mìíràn. Ó ku arúgbó tí kò mọ ẹni tí yóò fún un ní oúnjẹ lọ́la.

Láti ìgbà náà ni òfin ọdún 2014, Care Act, ti pàṣẹ pé kí CQC máa ṣọ́ àpò àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá, kí ìwólulẹ̀ má baà ká ìlú mọ́ lójijì. Iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó lè wo àpò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìṣirò owó iléeṣẹ́ gbogbo wà ní Companies House, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà rẹ̀. Kí ọmọ wo bóyá gbèsè pọ̀ ju ohun ìní lọ, bóyá iléeṣẹ́ ni ó ni ilé tàbí ó ń yá a gbé, bóyá wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbé ìwé ìṣirò wọn sílẹ̀. Kí ó sì wo àpò tirẹ̀ náà. Ní England, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju 23,250 pọ́n-ùn lọ ni yóò san gbogbo owó ìtọ́jú fúnra rẹ̀, láti ọdún 2010 ni wọn kò sì ti sún iye náà síwájú. Ilé tí arúgbó kọ́ lè wọ inú ìṣirò yìí, àyàfi bí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá ṣì ń gbé inú rẹ̀, tàbí nítorí àwọn ìdí díẹ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ìjà ọmọ ìyá ni ó ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ti ìwé àwọn alábẹ̀wò. Ìbéèrè márùn-ún ni CQC máa ń béèrè: ṣé ewu kò sí, ṣé ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́, ṣé àánú wà, ṣé wọ́n ń gbọ́ ohùn arúgbó, ṣé ọ̀gá ibẹ̀ mọ̀ ọ́n darí? Láti ọdún 2014 ni máàkì mẹ́rin ti wà: èyí tí ó tayọ, èyí tí ó dára, èyí tí ó nílò àtúnṣe, àti èyí tí kò kún ojú òṣùwọ̀n rárá. Ní Amẹ́ríkà, ìràwọ̀ ni, láti oókan dé márùn-ún, láti ọdún 2008. Nígbà kan, ẹnu àwọn onílé ìtọ́jú ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ń gba iye òṣìṣẹ́ wọn. Láti ọdún 2016, àkọsílẹ̀ owó oṣù ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé ẹnu ẹni ni a fi ń yin ọbẹ̀ ara ẹni.

Síbẹ̀, máàkì kì í ṣe orógùn ìbúra. Orchid View gba máàkì pé ó dára. Ní oṣù keje ọdún 2024, mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wes Streeting, sọ ní gbangba pé CQC kò yẹ fún iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, lẹ́yìn tí ìwádìí fi hàn pé àwọn ibì kan wà tí alábẹ̀wò kò padà dé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà ni kí ènìyàn kọ́kọ́ wò. Máàkì ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ìtàn ni. Kí ó sì ka gbogbo ìwé náà, kì í ṣe orí ọ̀rọ̀ nìkan, kí ó wo bóyá ẹ̀sùn kan náà ń padà wá lọ́dún dé ọdún. Ilé tí ó ṣe àṣìṣe tí ó tún un ṣe sàn ju ilé tí ó ń tọrọ àforíjì kan náà nígbà mẹ́ta lọ.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti ń padà sí Lamordé àti sí ilé. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba Bìrìtìkó ṣí ilẹ̀kùn físà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì gba ibẹ̀ wọlé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn náà ní oṣù keje ọdún 2025. Obìnrin tí ó kúrò ní Ìbàdàn ń wẹ ìyá oníyàwó kan ní Leeds, ó ń kọ wákàtí tí ó yí i padà sínú ìwé, ó sì mọ̀ pé alábẹ̀wò lè wọlé nígbàkúùgbà. Ìyá tirẹ̀ ńkọ́? Ó wà nílé pẹ̀lú ọmọdébìnrin tí wọ́n ń sanwó oṣù fún. Kò sí ìwé, kò sí máàkì, kò sí alábẹ̀wò. Owó ń lọ lóṣooṣù, ohùn sì ń padà wá lórí fóònù pé, “Màmá wà dáadáa.”

Kì í ṣe pé ilé ìtọ́jú kò sí ní Nàìjíríà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ̀kan ní Yábàá, ìjọ Kátólíìkì sì ní Regina Mundi ní Mushin. Òfin tí ó dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀ wà láti ọdún 2017. Ṣùgbọ́n ará ìlú kò tíì ní ìwé alábẹ̀wò tí ó lè ṣí wò bí ti àwọn ará Leeds. Títí tí irú rẹ̀ yóò fi dé, ẹbí ni alábẹ̀wò.

Bí ẹbí bá sì gba iṣẹ́ náà, kí wọ́n ṣe é bí iṣẹ́. Kí wọ́n yan ẹnìkan nínú ìdílé tí kì í gba owó ìtọ́jú, tí yóò máa yọjú sí Màmá láìsọ tẹ́lẹ̀. Kí ó wo ìdí àti gìgísẹ̀, kí ó ka oògùn tí ó kù nínú ìgò, kí ó gbọ́ tẹnu Màmá nígbà tí olùtọ́jú kò sí nítòsí. Kí wọ́n ní ìwé kan tí owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde yóò wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n sì san owó tí ó tọ́ fún olùtọ́jú, kí wọ́n fún un ní ọjọ́ ìsinmi, nítorí pé ẹni tí ó rẹ̀ kò lè gbé ẹni tí kò lókun.

Ohun tí ó pa àwọn arúgbó Orchid View kì í ṣe pé àwọn ọmọ wọn gbé wọn kúrò nílé. Àwọn tí ó yẹ kí ó wò wọ́n kò wò wọ́n, ni ó pa wọ́n. Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ ní Copthorne, ó lè ṣẹlẹ̀ ní Lamordé, ó sì lè ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn ní ilé bàbá ẹni. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.