Kì í ṣe Ìsìn Ló Dá Ogun Àlgéríà Sílẹ̀



Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwa tá a kàwé Faransé pé àwọn mùsùlùmí Àlgéríà ni kò lè bá òyìnbó gbé, pé ìsìn ló fa ogun. Irọ́ ni! Ilẹ̀ àti ìbò ló fà á.

Ẹ wo bó ṣe lọ. Láti 1865, mùsùlùmí tó bá fẹ́ di citoyen gbọ́dọ̀ kọ òfin Islam lórí ìgbéyàwó àti ogún sílẹ̀. Ta ló máa gbà bẹ́ẹ̀ nínú wa? Ní 1936, ìjọba Léon Blum fẹ́ fún nǹkan bí 20,000 nínú wọn ní ẹ̀tọ́ náà láìkọ òfin wọn sílẹ̀. Àwọn mẹ́ẹ̀rì òyìnbó ibẹ̀ fárí gá, wọ́n ní àwọn á fipò sílẹ̀. Àbá náà kú.

Ní 1947, wọ́n dá ilé ìgbìmọ̀ oníjòókòó 120 sílẹ̀. Wọ́n fi 60 fún òyìnbó tí kò tó mílíọ̀nù kan àti ìwọ̀nba mùsùlùmí díẹ̀, wọ́n fi 60 yòókù fún mùsùlùmí bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ìyẹn náà ò tẹ́ wọn lọ́rùn! Ní 1948, wọ́n ṣe màgòmágó ìbò lábẹ́ Gómìnà Naegelen, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nípò mínísítà ẹ̀kọ́ ní Paris. Ilẹ̀ ọlọ́ràá ńkọ́? Ó ju mílíọ̀nù méjì hẹ́kítà lọ lọ́wọ́ òyìnbó.

Ẹ wo Ferhat Abbas, apòògùn ìlú Sétif. Ní 1936, ó kọ ọ́ lédè Faransé pé òun ò rí orílẹ̀-èdè kankan tó ń jẹ́ Àlgéríà. Ní 1958, òun náà ló di olórí ìjọba àwọn ajìjàǹgbara. Ta ló tì í débẹ̀?

Òótọ́ ni pé àwọn ajìjàǹgbara náà pa aláìṣẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ bò ó. Àmọ́ 1954 ni ogun bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ti gbogbo ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Òfin indigénat tí kọ̀mándà fi ń ju àwọn bàbá wa ní Dahomey sẹ́wọ̀n láìdé kóòtù, Àlgéríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní 1881. Kò béèrè bóyá mùsùlùmí ni ọ́ tàbí ọlọ́rìṣà.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ní 1962, àwọn òyìnbó Àlgéríà ru tiwọn. Ẹni tó bá tún sọ fọ́mọ yín pé ìsìn ló fà á, ẹ bi í pé: ta ló ni ilẹ̀? Ta ló ń dìbò?