Ta ni kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù dé ìsọ̀ géèmù kékeré?

Ilé géèmù tí ẹ bá wọ̀ ládùúgbò FUTA l'Àkúrẹ́, tàbí nítòsí Yunifásítì Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó, bọ́ọ̀lù ni ẹ máa bá lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni méjì á di páàdì mú, àwọn tó kù á dúró kí ẹni tí wọ́n bá nà dìde fún wọn. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti mọ géèmù á gbà pé bọ́ọ̀lù ni olórí gbogbo wọn. Kí onítọ̀hún wá ṣí GOG lórí kọ̀ǹpútà, ìsọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ CD Projekt ti ilẹ̀ Poland dá sílẹ̀ lọ́dún 2008. Géèmù tó wà níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ dáadáa: ti akọni àti idán, ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ti ìlú kíkọ́, ti iwin àti ìbẹ̀rù. FIFA kò sí. EA Sports FC tó rọ́pò rẹ̀ kò sí. Football Manager kò sí. Lára bọ́ọ̀lù díẹ̀ tó máa rí ni Sensible World of Soccer 96/97, géèmù ayé ìgbà tí Kanu àti Okocha gba wúrà bọ̀ láti Atlanta.

Ìdí tí àwọn irú géèmù kan fi ṣọ̀wọ́n ní ìsọ̀ kékeré báyìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn géèmù. Apá kan ní oníṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe fújà, ó ń yan ọjà bí ẹni ń yan ìyàwó. Apá kejì ní kò sí ohun tí oníṣọ́ọ̀bù lè ṣe, àwọn tó ń ṣe géèmù ni kò gbé ọjà wá. Mo ti gbọ́ ẹnu àwọn méjèèjì tipẹ́, n kò sì rò pé ẹjọ́ náà rọrùn tó bí wọ́n ṣe ń rò ó.

Ẹ jẹ́ ká fún àwọn tó ń fẹ̀sùn kàn án láyè ná. Ní Steam, ìsọ̀ ńlá tí Valve ṣí lọ́dún 2003, láti ọdún 2017 ni ẹnikẹ́ni ti lè san ọgọ́rùn-ún dọ́là lórí géèmù kan, kó sì gbé e sórí àtẹ. Ní itch.io, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, kò tiẹ̀ sí owó àwọlé rárá, ìdí nìyẹn tí àwọn géèmù tó jọ ìwé ìtàn, tí èèyàn ń kà tó sì ń yan ohun tí ẹ̀dá ìtàn máa ṣe, fi pọ̀ níbẹ̀ bí eéṣú. GOG kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ń wo géèmù kí wọ́n tó gbà á, ojú sì máa ń tan èèyàn jẹ. Lọ́dún 2017 wọ́n kọ Opus Magnum, géèmù àdììtú tí Zachtronics ṣe. Nígbà tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín níbòmíì, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n gbà á. Èyí tó tún burú jù ni ti Devotion, géèmù ìbẹ̀rù tí Red Candle Games ṣe ní Taiwan, èyí tó ti bọ́ sínú wàhálà lọ́dún 2019 nítorí àwòrán kan nínú rẹ̀ tó fi ààrẹ Ṣáínà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní December 2020, GOG kéde pé àwọn máa tà á. Láàárín wákàtí díẹ̀ wọ́n ní àwọn kò tà á mọ́, pé ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà ń fi ránṣẹ́ ló fà á. Ta ni àwọn oníbàárà wọ̀nyẹn? Wọn kò sọ. Àwọn tó ṣe géèmù náà ló padà ń tà á fúnra wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní oníṣọ́ọ̀bù kì í ṣe aláìmọwọ́mẹsẹ̀, òótọ́ ló sọ. Àdììtú kò nílò ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìtàn kíkà kò nílò sẹ́fà, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbára lé. Ibi tí irú géèmù bẹ́ẹ̀ bá ti ṣọ̀wọ́n, ojú oníṣọ́ọ̀bù ni ká kọ́kọ́ wò.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ibí ni mo ti ń yà kúrò lẹ́yìn àwọn olùfisùn. Ní Ọjà Ọba l'Àkúrẹ́, ẹni tó ń ta gàrí lè pàtẹ rẹ̀ síbi tó bá wù ú, ẹni tó bá bù ú lọ ti bù ú lọ nìyẹn. Ẹni tó ń ta ẹja yìnyín gbọ́dọ̀ ní fíríìjì, fíríìjì sì gbọ́dọ̀ ní iná, tí iná bá lọ ní òru ọjọ́ mélòó kan, ọjà ti bàjẹ́. Géèmù bọ́ọ̀lù òde òní wà lára ẹja yìnyín. Sẹ́fà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù, àmì ẹgbẹ́, pápá ìṣeré àti orin inú rẹ̀, ìwé àṣẹ ló gbé gbogbo wọn dúró, ìwé náà sì ní ọjọ́ tó ń parí. Nígbà tí EA àti FIFA pínyà, tí EA Sports FC àkọ́kọ́ sì jáde ní September 2023, FIFA 23 àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò lórí àtẹ káàkiri. Forza Horizon 4, géèmù eré ọkọ̀, kúrò ní ọjà ní December 2024 nítorí pé àṣẹ orúkọ àwọn ọkọ̀ inú rẹ̀ ń parí lọ. Ìlérí GOG sì ni pé ohun tí ẹ bá rà níbẹ̀ kò ní àgádágodo: ẹ gbà á sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ fi pamọ́, ó di tiyín. Báwo ni ẹni tó ń fi ìwé àṣẹ ọlọ́dún mélòó kan ṣòwò ṣe máa fi ọwọ́ sí irú ìlérí bẹ́ẹ̀?

Owó tún wà ńbẹ̀. Kì í ṣe géèmù nìkan ni EA ń tà. Páàkì Ultimate Team tí àwọn ọmọ ń rà lẹ́yìn tí wọ́n ti ra géèmù tán wà lára ohun tó ń pa owó gidi wọlé fún wọn, inú sẹ́fà ni páàkì ń gbé. Ìsọ̀ tó ní kí géèmù lè dá dúró láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ìsọ̀ tó ń ti ilẹ̀kùn àpò yẹn ni.

GOG ti gbìyànjú rẹ̀ wò, ó sì rí èsì rẹ̀. Ní September 2021 wọ́n gbé Hitman ti ọdún 2016 sórí àtẹ, géèmù tí ọ̀pọ̀ nǹkan inú rẹ̀ kì í ṣí àfi téèyàn bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn oníbàárà GOG fúnra wọn ló gbógun tì í. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún un, àfi ìgbà tí ilé ìtajà náà gbé e kúrò nílẹ̀ ní October. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí rẹ̀: àwọn kan náà tó ń pariwo pé ọjà kò pé lórí àtẹ ló lé ọjà jáde.

Ẹnì kan lè ní: Epic Games Store kò ha ṣí ní December 2018 tí EA Sports FC sì wà níbẹ̀ lónìí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n owó géèmù Fortnite ló wà lẹ́yìn Epic. Nígbà tó ṣí, ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe géèmù, Steam àti GOG sì sábà máa ń gba ọgbọ̀n. Ó sì tún ń fi owó ra àwọn géèmù kan kí wọ́n má tíì dé ibòmíì. Àpẹẹrẹ Epic fi hàn pé a lè fi owó ra ohun tó ṣọ̀wọ́n. Kò fi hàn pé ẹni tí kò lówó náà lè rí i.

Ilé wa náà ti rí ọ̀rọ̀ yìí rí, ó sì díjú ju ti GOG lọ lójú tèmi. Kí Android tó gba gbogbo ìgboro, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ra fóònù Windows tí Nokia ń ṣe. Ìsọ̀ géèmù orí fóònù yẹn kéré gan-an sí ti Google àti ti Apple. Supercell kò gbé Clash of Clans débẹ̀ títí láé. Nígbà tí Pokémon GO gba ayé kan ní July 2016, kò débẹ̀. Ìṣirò wọn kò le: ẹni tó wà níbẹ̀ kò tó láti san owó àwọn tó máa tún géèmù kọ, tí wọ́n á sì máa tún un ṣe lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n inú ìsọ̀ tí àwọn ńlá kọ̀ yẹn gan-an ni Abiola Olaniran, ọmọ tó kàwé jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ti rí àyè. Ó dá Gamsole sílẹ̀ lọ́dún 2012, ó ń ṣe géèmù kéékèèké: eré sísá bíi Gidi Run àti irú èyí tí èèyàn lè fi ìka kan ta nínú dánfó. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ìgbà ni àwọn èèyàn gbà wọ́n sórí fóònù. Ká ní Clash of Clans àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí àtẹ yẹn, ta ni ì bá rí ọmọ Ifẹ̀ láàárín wọn? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àwọn tó ń gbèjà ìsọ̀ kékeré fẹ́ràn ìtàn yìí, mo sì gbà fún wọn dé àyè kan. Wọn kì í sọ ìparí rẹ̀. Microsoft ti ìsọ̀ Windows Phone 8.1 pa ní December 2019. Àtẹ tí kò ní ohun tí gbogbo èèyàn ń wá kì í pa èrò mọ́, nígbà tí èrò bá sì lọ, ọmọ kékeré tó rí àyè níbẹ̀ náà á wá ibòmíì lọ.

Lónìí, ìsọ̀ tó ń jẹ́ Palm Store ló ń bá fóònù Tecno, Infinix àti itel wá látilé-iṣẹ́. Ẹni tó wà ní Ìpogun tàbí ní Ìlárá-Mọ̀kín kò bìkítà nípa orúkọ ìsọ̀, dátà ló ń rò. Ní January 2025, NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gba àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì láyè láti fi tó ìdajì owó lé iye tí wọ́n ń gbà. Ní March 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já ní etíkun Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Ẹni tó ń ta Whot tàbí ayò lórí fóònù lè máa ta á lọ. Ẹni tó wà láàárín Call of Duty Mobile kú síbi tó dúró sí.

Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé tún le ju èyí lọ. Steam kì í gba náírà. Lọ́dún 2022, àwọn báńkì wa kan gé ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí ogún dọ́là lóṣù, àwọn kan sì dá a dúró pátápátá. Ẹni tó ń ṣe géèmù ní Yaoundé tàbí Èkó ti mọ̀ tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn pé owó kì í rọrùn láti gbà nílé, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi máa ń wo òkèèrè: Aurion, géèmù àwọn Kiro'o ti ilẹ̀ Cameroon, Steam ni wọ́n gbé e sí ní April 2016, níbi tí àwọn olówó dọ́là wà. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí.

Àwọn tó ni káàdì sì lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Ní July 2025, itch.io yọ géèmù àwọn àgbà kúrò níbi tí èèyàn ti lè wá wọn rí, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá a gba owó kọminú sí wọn. Bóyá ẹ fẹ́ràn irú géèmù bẹ́ẹ̀ tàbí ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ ṣàkíyèsí pé oníṣọ́ọ̀bù àti aṣegéèmù kọ́ ló pinnu lọ́jọ́ náà.

Èmi á dá oníṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù àti eré ọkọ̀. N kò ní dá a sílẹ̀ lórí àdììtú àti ìtàn tó kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní gbà kó fi ìwé àṣẹ bojú nígbà gbogbo, nítorí GOG fúnra rẹ̀ fi hàn ní March 2024 pé ẹni tó bá lépa ìwé lè rí i: Alpha Protocol, tí àṣẹ orin inú rẹ̀ ti lé kúrò ní ọjà láti 2019, wọ́n gbé e padà wá pẹ̀lú orin rẹ̀.

Àwọn aṣegéèmù náà kò mọ́ tán. Bọ́ọ̀lù orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kò pọn dandan kó ní orúkọ gidi. Géèmù bọ́ọ̀lù PES tà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní àṣẹ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ England: Liverpool ń jẹ́ Merseyside Red, Chelsea ń jẹ́ London FC, Manchester City ń jẹ́ Man Blue. Àwọn ọmọ ilé géèmù l'Àkúrẹ́ ta á bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń fi ta, wọ́n sì jà lórí rẹ̀ bíi pé Anfield ni wọ́n wà. Géèmù bọ́ọ̀lù tí kò ní sẹ́fà, tí kò ní orúkọ olórúkọ, páàdì méjì àti tẹlifíṣọ̀n kan, lè jókòó sórí GOG tàbí Palm Store lọ́la láìtọrọ ìwé àṣẹ orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ohun tí ìsọ̀ kékeré fi dí irú rẹ̀ lọ́nà. Ẹni tó máa jókòó ṣe é dáadáa ni kò tíì tó.