Ẹ Má Fín Omi Ewé sí Gbogbo Ebè

Àwọn àgbà ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́. Èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ má bínú, òwe yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Kì í ṣe pé mo kórìíra ewé. Ewé gan-an ni mo ń gbèjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá di òwe yìí mú kò lè mọ ìgbà tí oògùn rẹ̀ kò jẹ́ láéláé. Tó bá jẹ́, ewé ló ṣe é. Tí kò bá jẹ́, ewé kan ló kù. Bó ṣe wù kó rí, oníṣègùn ló jàre.

Omi ewé mọ̀ríngà tí wọ́n ń fín sí àlùbọ́sà ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu kò kò lórí rẹ̀ ní àdúgbò wa. Àwọn kan ní ìtàn àwọn ará àtijọ́ ni, pé fàtílásà nìkan ló ń mú àlùbọ́sà ta. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá ti ní mọ̀ríngà lẹ́yìnkùlé kò nílò ajílẹ̀ kankan mọ́. Ìhà méjèèjì ló ṣìnà, ṣùgbọ́n ìhà kejì ló ná màámi lówó.

Kí n kọ́kọ́ dá ìhà kìíní lóhùn. Nikolaus Foidl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ lórí mọ̀ríngà ní orílẹ̀-èdè Nicaragua. Nínú ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2001, wọ́n ní irè oko tí àwọn fín omi ewé náà sí pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 20 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, àlùbọ́sà sì wà lára wọn. Họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní zeatin wà nínú ewé náà. Òun ló ń mú kí ohun ọ̀gbìn máa dàgbà, tí kì í jẹ́ kí ewé rẹ̀ tètè gbó. Ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé inú odó la ti gún un, tí kì í ṣe inú àpò tó ní àwòrán, kò tíì wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kò sì ṣòro láti ṣe. A ó já ewé tí kò tíì gbó, a ó gún un pẹ̀lú omi díẹ̀, a ó fi aṣọ fún un, a ó sì fi omi là á, ìwọ̀n kan sí ọgbọ̀n. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé ni pé ewé àlùbọ́sà ń yọ̀, ó ní ohun bí ìda lára, omi kì í dúró lé e. Ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni yóò mu gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá fún un náà la gbọ́dọ̀ lò ó.

Màámi ń gbin àlùbọ́sà sí àkùrọ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan ń ta omi mọ̀ríngà inú ìgò lọ́jà, nínú oòrùn, ó ní ẹni tó bá rà á kò ní ra ajílẹ̀ mọ́. Fàtílásà ti wọ́n gógó, màámi sì gbà á gbọ́. Wọn kò ra fàtílásà, wọn kò sì kó ìgbẹ́ adìyẹ bí wọ́n ti máa ń kó o. Àlùbọ́sà tó jáde kò ju orógbó lọ. Nígbà tí wọ́n lọ bá ọkùnrin náà, ó ní nǹkan kan ló kù tí wọn kò ṣe. Ewé rẹ̀ ló kù kan!

Họ́mónù kì í ṣe oúnjẹ. Agogo oúnjẹ ni, bí èyí tí wọ́n ń lù fún wa nílé ẹ̀kọ́. Tó bá dún, gbogbo wa á sáré jáde, ṣùgbọ́n tí àwọn olóúnjẹ kò bá se nǹkan kan, ebi ni a ó gbé padà sí kíláàsì. Inú ilẹ̀ ni àlùbọ́sà ti ń jẹun; ìgbẹ́ adìyẹ tàbí fàtílásà ló ń se oúnjẹ náà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tiwa náà. Kíláàsì wa fín omi mọ̀ríngà sí ebè méjì, a fi méjì sílẹ̀. Èyí tí a fín ta ju èkejì lọ, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún wa níwájú àwọn òbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá kànga ni ebè tí a fín wà. Ẹni tí gbígbé garawa bá ti sú, ibẹ̀ ló ń da omi sí. Ṣé omi ewé ló ṣiṣẹ́ ni, àbí omi kànga? Mo béèrè, wọ́n ní kí n má ba ayọ̀ ọjọ́ náà jẹ́. Títí di òní, àtẹ́wọ́ yẹn ń kan mí lára.

Ohun tí mo ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ gbogbo kò ju ilẹ̀ díẹ̀ lọ. Kí ebè kan gba ìgbẹ́ adìyẹ nìkan, kí òmíràn gba omi ewé nìkan, kí ẹ̀kẹta gba méjèèjì, kí ẹ̀kẹrin má gba nǹkan kan. Kí a ṣẹ́ kèké fún ipò wọn, kí ẹni tó fẹ́ràn ewé má baà gbé tirẹ̀ sí ẹ̀bá kànga. Kí a sì gbé àlùbọ́sà lé ìwọ̀n, kí a má fojú wò ó. Àwọn kan á ní ọmọdé ń fi ilẹ̀ ṣòfò. Lọ́dún 2021, nígbà tí àwọn tó ń kó oúnjẹ wá láti Òkè Ọya dáwọ́ dúró fún ọjọ́ díẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n lára nínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀? Bí a bá fẹ́ gbin díẹ̀ kún tiwọn, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ àti ohun tí kì í jẹ́.

Mo ti sọ fún màámi pé ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kí wọ́n fi ìgbẹ́ adìyẹ sí gbogbo ebè, èmi á sì máa fún omi ewé tuntun, kí a fín ọ̀kan, kí a fo ọ̀kan. Wọ́n bi mí pé bí ewé náà bá jẹ́ lóòótọ́, ta ni yóò san owó àlùbọ́sà kékeré tó bá jáde lórí ebè tí a fò? Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ mi. Wọn kò tíì dá mi lóhùn.