Àgbáǹréré Kì í Ṣe Ẹṣin Oníwo-kan

Ẹni tí ó bá dàgbà ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni Agẹmọ tí ń fi ẹní bora jó, ọ̀tọ̀ sì ni alágẹmọ tí ń yọ́ rìn lórí igi. Àmì ni ti ìṣáájú. Ẹ̀dá alàyè ni èkejì. Irú ìyàtọ̀ yìí ni a sọnù nínú ọ̀rọ̀ náà àgbáǹréré.

Nínú Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọ ṣì ń kà, àgbáǹréré ni ó wà ní Númérì 23:22, níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ti dárúkọ ẹranko oníwo kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń lò fún ẹranko gidi; bẹ́ẹ̀ ìwo méjì ni àgbáǹréré ilẹ̀ Áfíríkà ní. Èwo ni kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbà?

Ọ̀ràn náà tún le sí i bí a bá ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Jacques Callot, tí ó kú ní 1635, a máa fi fáníṣì líle bo bàbà pẹlẹbẹ, a fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sí i, a sì jẹ́ kí ásíìdì jẹ ojú ìlà náà kí a tó fi tẹ̀wé. Mo dábàá àwòrán àfásíìdìfín fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá sì so ọ̀rọ̀ ṣókí, àwòrán àti ewì pọ̀ láti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, kí a pè é ní àrokò-àwòrán. Nítorí bí àrokò, ohun tí ojú rí kọ́ ni a fẹ́ wí. Ẹranko oníwo kan tí ó sùn sí ẹsẹ̀ wúńdíá dúró fún Jésù nínú Màríà. Fíníìsì tí ó jí láti inú eérú dúró fún àjíǹde. Dírágónì, fún Èṣù tí Bíbélì ń wí. Òfú jẹ́ ẹyẹ gidi, ṣùgbọ́n ìtàn lásán ni pé ó ń fi ẹ̀jẹ̀ àyà rẹ̀ bọ́ ọmọ. Ìrúbọ Kristi ni wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ.

Nítorí náà, kí àgbáǹréré jẹ́ ti ẹranko gidi nìkan. Kí ti inú àrokò-àwòrán máa jẹ́ ẹṣin oníwo-kan. Kí fíníìsì àti dírágónì wà bí ọ̀rọ̀ àyálò. Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ Bíbélì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. A kò ní kí ìjọ yí tirẹ̀ padà; ìwé ẹ̀kọ́ ni à ń wí.

Àwọn olùtumọ̀ ìṣáájú ti ṣe tiwọn. Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán. Àìmọ̀-ọ́n-jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.