Fún Àwọn Akọ̀wé Ẹgbẹ́: Macro tí a Pa Lẹ́nu Mọ́

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé wa kan ní Ìjẹ̀dẹ̀, ní apá Ìkòròdú, ẹni tí í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ nínú ìjọ rẹ̀. Ọ̀ràn méjì li ó kó wá. Èkíní ni pé ìwé ìṣirò ẹgbẹ́, tí ó ń fi Microsoft Access tọ́jú, kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà titun. Èkejì, tí ó wúwo jù ú lọ, ni pé ìyá opó kan mú rìsíìtì oṣù mẹ́ta jáde, ṣùgbọ́n owó oṣù mẹ́ta náà kò sí nínú ìwé. Àwọn kan sì ti ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ìsìn pé akọ̀wé ti jẹ ẹ́. Nítorí èyí li a fi ń dá a lóhùn ní gbangba, nítorí àwọn akọ̀wé mìíràn ń bẹ tí irú rẹ̀ lè dé bá.

Fún àǹfààní àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, Access jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft kọ́kọ́ mú jáde ní 1992. Nínú rẹ̀ li a ń to orúkọ, ọjọ́ àti owó sí inú tábìlì. Macro ni àwọn àṣẹ tí a tò tẹ̀lé ara wọn, tí ẹ̀rọ ń mú ṣẹ nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì kan, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tí a rán ní iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ mẹ́ta náà li ó wà nínú macro ẹgbẹ́ yìí: SetWarnings, lẹ́yìn náà OpenQuery, tí ń kó rìsíìtì oṣù náà wọ inú ìwé ńlá, lẹ́yìn náà MessageBox, tí ń wí pé, “Ó ti parí.”

Nígbà tí macro bá kọsẹ̀, àpótí kékeré kan a yọ sí ojú kọ̀ǹpútà, tí a kọ Action Failed sí lórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa tì í pa kí wọn tó kà á. Akọ̀wé wa ṣe dáradára, ó dà á kọ sínú ìwé rẹ̀ fún wa. Àpótí yìí a máa dárúkọ macro náà, a sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ó dúró, a sì fi nọ́ḿbà àṣìṣe náà hàn. Ti akọ̀wé wa wí pé SetWarnings ni, nọ́ḿbà rẹ̀ sì jẹ́ 2950. Ẹnìkan ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó nu ohun gbogbo kúrò kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Kí ó má ṣe dán an wò!

Nígbà púpọ̀, nọ́ḿbà yìí ń fi hàn pé Access kò fọkàn tán fáìlì náà. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ó kà sí eléwu, SetWarnings jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kì í sì í jẹ́ kí wọn ṣiṣẹ́ nínú fáìlì tí a kò tíì jẹ́rìí sí lórí kọ̀ǹpútà náà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti gba ẹ̀rí náà tipẹ́. Titun kò mọ̀ ọ́n rí. Bí ó bá jẹ́ ìlà aláwọ̀ ìyeyè li ó wà lókè, kí ó tẹ Enable Content. Ṣùgbọ́n í-meèlì li ó fi gbé fáìlì náà láti orí ẹ̀rọ kan dé orí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni láti 2022 ni Microsoft ti ń dí macro inú fáìlì tí ó bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, nítorí náà ìlà pupa ni yóò rí. Kí ó pa Access dé, kí ó fi bọ́tìnì ọ̀tún máọ̀sì tẹ fáìlì náà, kí ó yan Properties, kí ó sì fi àmì sí Unblock. Kìkì fáìlì tí ó mọ orísun rẹ̀ ni kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ní 1999, ohun búburú kan tí wọ́n ń pè ní Melissa fara pamọ́ sínú macro ìwé Word, ó sì gba í-meèlì tàn ká ilẹ̀ púpọ̀.

Lẹ́yìn èyí, bọ́tìnì yóò tún ṣiṣẹ́. A bẹ̀ ẹ́, kí ó má tíì tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ tí SetWarnings ń ṣe nínú macro rẹ̀ ni láti pa Access lẹ́nu mọ́ títí macro náà yóò fi parí. Ẹni tí ó fi í síbẹ̀ kò ní ibi lọ́kàn. Ó sú u láti máa dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni” lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí akọ̀wé wa kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì: nọ́ḿbà rìsíìtì li a fi ń dá owó kọ̀ọ̀kan mọ̀, agbowó méjì li ó wà, ìwé rìsíìtì ọ̀kan nínú wọn sì tán ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó sì gba òmíràn tí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí 1. Níhìn-ín gan-an li owó ìyá náà gbé nù. Rìsíìtì 14 ti wà nínú tábìlì láti èṣí. Access kò sì ní gba 14 mìíràn níbi tí a ti ní kí nọ́ḿbà má ṣe jọ ara wọn. Bí ẹnu rẹ̀ bá là, ìbá ti wí pé iye báyìí kò lè wọlé nítorí key violations, ìbá sì ti béèrè bóyá kí òun máa bá a lọ. A ti pa á lẹ́nu mọ́. Ó gba èyí tí ó lè gbà, ó ju èyí tí kò lè gbà sílẹ̀, MessageBox sì kéde pé ó ti parí.

Ẹ̀rù ń bà wá pé kì í ṣe ìyá yìí nìkan ni. Gbogbo ẹni tí ó san owó fún agbowó kan náà li ọ̀ràn kàn; bóyá òun nìkan li ó tọ́jú rìsíìtì tí ó sì béèrè.

Kí akọ̀wé wa kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sí ibòmíràn. Ìjẹ̀dẹ̀ kò jìnnà sí Ẹgbin, níbi tí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ńlá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, ṣùgbọ́n iná a máa lọ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ibòmíràn, fáìlì Access tí iná bá lọ mọ́ lójú iṣẹ́ sì lè bàjẹ́. Nígbà náà ni kí ó ṣí macro ní Design View, kí ó yọ SetWarnings kúrò. Bí ó bá rí OnError tí a fi Next sí lára, kí ó yọ ìyẹn pẹ̀lú, nítorí òun náà a máa jẹ́ kí macro rékọjá àṣìṣe láìdúró. Kí ó fi òpó kan kún tábìlì fún nọ́ḿbà ìwé rìsíìtì, kí ó kọ nọ́ḿbà náà sí gbogbo ìlà tí ó ti wà níbẹ̀, kí nọ́ḿbà méjèèjì sì jùmọ̀ di ìdánimọ̀ owó kọ̀ọ̀kan. Kí OpenQuery pẹ̀lú máa kó òpó titun náà wọlé. Lẹ́yìn èyí kí ó tẹ Single Step kí ó tó tẹ Run, macro yóò sì máa dúró níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan títí òun yóò fi ní kí ó máa lọ.

Kí ó tó kó àwọn rìsíìtì tí ó sọnù náà padà, kí ó ka ẹ̀dà wọn tí ó kù lára ìwé agbowó, kí akápò àti ìyá opó náà sì jókòó tì í. Iye ìlà tí Access bá wí pé òun fẹ́ fi kún tábìlì níláti bá iye tí wọ́n kà mu. Bí kò bá bá a mu, kí ó tẹ No, kí ó sì kọ̀wé sí wa, kí ó fi ọ̀rọ̀ inú àpótí náà ránṣẹ́ láìyọ ọ̀kan kúrò.